Ara Àbíkẹ́yìn Mi àti Ìpara Ewé

Ojú mi yìí ló rí i. Wọn kò sọ ọ́ fún mi, n kò sì gbọ́ ọ lójú ọjà. Ojú tí mo fi ń mọ̀ bóyá omi ti fẹ́ yọ nísàlẹ̀ kàǹga tó jìn ju igi àgbọn lọ, òun náà ni mo fi wo ara ọmọ mi láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í họra títí di òní. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ fún yín lọ́nà mìíràn, pàápàá ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin tó wà ní Wásinmi, ẹ ní kó fi ẹnu rẹ̀ jẹun.

Kàǹga ni mò ń gbẹ́. Ìwé kẹta ni mo dé tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn wò mí. Orí òkúta ni Abẹ́òkúta jókòó sí. Ẹni tó bá lè bá òkúta yẹn fà á títí tí omi yóò fi yọ, ẹni náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé. Ní Kẹ́mta níbi tí mò ń gbé, agboolé tí wọn kò ti mọ̀ mí kò tó nǹkan. Dígà ti ṣẹ́ lọ́wọ́ mi rí tí òkúta náà sì tún gbà fún mi. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹ̀rù kì í tètè bà mí. Ṣùgbọ́n nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀rù bà mí níbẹ̀, ẹ̀rù náà kò sì tíì kúrò lára mi tán.

Ọkùnrin mẹ́ta ni a kọ́kọ́ bí. Ìyàwó mi ti kó aṣọ ọmọ fún àwọn ará ilé rẹ̀, ó rò pé ó ti parí, kí Ọlọ́run tó fi obìnrin kan ṣe àbíkẹ́yìn fún wa. Ọmọ náà dúdú bí kóró iṣin. Bí ìyá rẹ̀ bá wẹ̀ ẹ́ tán tó fi àdín pa á lára, ẹ lè fi í ṣe dígí. Àwọn èèyàn á dúró lójú ọ̀nà, wọn á ní, "Adúmáadán ọmọ! Ẹ bá wa mú un dáadáa o." Èmi á máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, inú mi á sì máa dùn. Dúdú yẹn, dúdú ìyá tó bí mi ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe ọmọ náà ní ìyá mi títí di òní.

Inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, níbi tí apá ti ń ká, ni ara yíyún náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì tún yọ lẹ́yìn orúnkún. A rò pé ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, kò lọ. Ojú ibẹ̀ ń yún un, ó ń họ ọ́, ó ń sán, ó ń sọmi, yóò gbẹ di èépá, yóò tún yún. Ìyàwó mi ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe fún un: omi gbígbóná tó ń rú èéfín, ọṣẹ dúdú, kànhìnkànhìn tuntun. Ó ní ìdọ̀tí ló sá pamọ́ síbẹ̀, bí a bá ti lè fọ̀ ọ́ jáde, á sinmi. Ọmọ á ké, ìyá á fọ̀. Lẹ́yìn ìwẹ̀ náà, ara rẹ̀ á funfun bí ẹni tó jókòó síbi tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún fi bẹ̀rẹ̀. A gé èékánná rẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó dé ẹran. A fi ìbọ̀sẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ń fi eyín bọ́ ọ.

Mo máa ń wà nísàlẹ̀ kàǹga, okùn tí wọ́n fi ń fa garawa á máa ha etí kàǹga lókè, fẹ̀rẹ̀ẹ̀, fẹ̀rẹ̀ẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti kékeré, ìró okùn náà kò tíì sọ ohunkóhun fún mi rí. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, bí mo bá ti gbọ́ ọ, èékánná ọmọ mi ni mò ń gbọ́.

Ọmọ yẹn nìkan ló fẹ́ràn ìwé nínú ilé mi. Òun ló ń ka ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi fún mi. Á ní, "Bàámi, wọ́n ní kí ẹ wá wo ilẹ̀ kan lọ́la o." Èmi á ní, "Bi wọ́n pé ilẹ̀ ibo." Á tẹ̀ ẹ́ padà. Ó wà ní ìwé kejì nígbà náà. Nígbà tí ara yíyún náà dé ọrùn rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ pè mí.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí sinmi nílé ná kí ara rẹ̀ gbẹ. Àwọn òbí yòókù ń ráhùn pé ó lè ran tiwọn."

"Kì í ranni," mo ní.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Èmi ni mo sọ."

Obìnrin náà wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì mú ọmọ mi lọ́wọ́ jáde sí mi. Ó fi aṣọ dì í lọ́wọ́ kó tó dì í mú. Mo rí aṣọ náà. Ọmọ náà rí i pẹ̀lú.

Ìyẹn ló gbé wa dé ọsibítù ìjọba. Dókítà tó wo ọmọ náà, obìnrin ni, kò lè ju àkọ́bí mi lọ, ó pupa bí ọsàn tó pọ́n, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ó yí apá ọmọ náà síwá sẹ́yìn, kò fi aṣọ dì í mú.

"Ẹ́kísímà ni. Kì í ranni."

"Mo ti sọ fún wọn!" mo ní. Ìyàwó mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Ìdọ̀tí kọ́, ẹ̀jẹ̀ burúkú kọ́," dókítà ní. "Ara rẹ̀ ni kò mọ omi í dì mú. Iṣẹ́ kí lẹ̀ ń ṣe, bàbá?"

"Kàǹga. Ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá."

"Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ sínú ilẹ̀ tó rọ̀ tí ẹ kò to ríǹgì sìmẹ́ńtì sí i ńkọ́?"

"Ilẹ̀ á máa ya wọ inú rẹ̀. Omi á bàjẹ́."

"Ríǹgì ara ọmọ yín ló ní àlàfo. Omi ara ń jò jáde, ohun tó ń yúnni ń bá ibẹ̀ wọlé. Bí ó bá sì ti wọlé, ibẹ̀ á gbiná."

Ó kó nǹkan méjì fún wa. Ọ̀kan jẹ́ ike ńlá tí ìpara ọlọ́ràá kún inú rẹ̀, kò ní òórùn kankan. Èkejì jẹ́ túùbù kékeré. Ó ní ti inú ike ni kí a fi máa dí àlàfo náà, kí a fi pa gbogbo ara rẹ̀ bí ó bá ti wẹ̀ tán tí omi kò tíì gbẹ, kí a sì tún máa pa á lọ́sàn-án bí ibẹ̀ bá ti gbẹ, kí a má ṣahun rẹ̀. Túùbù ni kí a fi pa iná: kó tẹ́ẹ́rẹ́, lójú ibi tó ń yún nìkan, àárọ̀ àti alẹ́, bí ó bá ti rọlẹ̀ kí a dẹwọ́, kí a sì padà wá. Ó ní kí omi ìwẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní kí a gbé kànhìnkànhìn àti ọṣẹ dúdú sọnù.

"Kànhìnkànhìn kẹ̀?" ìyàwó mi ní. "Kí la ó wá fi wẹ̀ ẹ́?"

"Ọwọ́ yín, mà."

A dé ilé, a bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó gbé gààrí wá láti Wásinmi. Ó kí wa, a kí i, a ṣe àlàyé ohun tí wọ́n sọ lọ́sibítù fún un. Ó tú inú àpò tí a kó oògùn sí wò. Ó mú túùbù yẹn sókè bí ẹni mú alángbá nírù.

"Àna mi, ta ló fún yín ní èyí?"

"Dókítà ni, ẹ̀gbọ́n mi," mo ní.

"Dókítà! Túùbù táwọn oníbóbó ń rà rèé! Ìyá tó ń ta búrẹ́dì ní títì yín yìí ńkọ́? Ẹ ò rí i ni? Ojú òyìnbó, oríkèé ọwọ́ eléèédú! Kí ló fi bó? Òun rèé!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, dókítà ló fún wa," ìyàwó mi ní.

"Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó dúdú?"

Dókítà pupa. Mo gba túùbù náà, mo wò ó. Ojú mi kì í purọ́ fún mi. Mo ti rí irú rẹ̀ níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìpara fún àwọn tó ń bóra, wọ́n tò ó bí ẹja. Mo wo ọmọ mi tó jókòó sórí ẹní, adúmáadán ìyá mi. Mo ní, "Ọmọ tèmi kò ní bó." Ìyàwó mi ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ rọra." N kò rọra. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú túùbù náà lọ síbi iṣẹ́, mo sì jù ú sínú ihò kan tí òkúta ti ní kí n dá dúró. Ike ńlá yẹn, àna mi ní ọ̀rá lásán ni. Ìyàwó mi fi ń pa gìgísẹ̀ ara rẹ̀. Gìgísẹ̀ náà dán, ẹ ò rí i.

Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó dúró ná. Bàbá wo ló máa fi ohun tó ń bóra pa ọmọ tí ará àdúgbò ń pè ní adúmáadán?

Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn wà ní Ọ̀dẹ́dá, lẹ́yìnkùlé obìnrin kan tó ń po ìpara tà. Mo ń gbẹ́ kàǹga fún un. Ó máa ń jókòó sábẹ́ àtíbàbà, odó rẹ̀ níwájú rẹ̀, á máa gún ewé. Èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tàn. Mo lọ dúró tì í. Ewé asúnwọ̀n, mo mọ̀ ọ́n. Dóńgóyárò, mo mọ̀ ọ́n. Òrí, àdín. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tí ìyá mi kò lò fún wa.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ kì í fi túùbù sí i?"

"Túùbù kẹ̀? Bàbá oníkàǹga, mi ò ṣe oníbóbó o. Ẹ ṣáà dúró síbẹ̀, ẹ ń wò mí."

Mo ń wò ó lóòótọ́. Mo wò ó títí ó fi gún ewé náà kúnná, tó yọ́ òrí, tó dà á pọ̀. Àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ wá ké sí mi pé omi ti ń yọ, mo bọ́ ẹ̀wù, mo sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo gòkè padà, ó ti ń bu ìpara náà sínú ike. Ó tutù yọ̀yọ̀, ó ń rùn bí igbó lẹ́yìn òjò. Mo ra ike kan.

Ẹ gbà mí gbọ́, kò pé ọ̀sẹ̀ kan. Èépá jábọ́. Ibi tó ń sọmi gbẹ. Ọmọ tí kì í sùn bẹ̀rẹ̀ sí í sùn bí ọlẹ. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ dán bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Ìyàwó mi jókòó tì í, ó fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀, ó sunkún. Èmi ńkọ́? Mo mú ọmọ mi lọ́wọ́, mo gbé e yí Kẹ́mta ká bí ẹni tí ń gbé ẹrù tuntun. Mo ní kí wọ́n wò ó. Mo ní, ọsibítù kò rí i ṣe, èmi tí mo ka ìwé mẹ́ta rí i ṣe. Mo mú un padà sí ilé-ìwé, ọ̀gá yẹn gbà á láìfi aṣọ dì í mú. Ènìyàn mélòó ni mo júwe obìnrin yẹn fún! Àna mi kó ike mẹ́ta lọ sí Wásinmi fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ara ń yún. Mo tiẹ̀ fẹ́ lọ fi ọmọ náà han dókítà pupa, kó rí i. Ìyàwó mi ló ní kí n jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

A ń pa á lọ. Bí ike kan bá tán, mo ti ra òmíràn, nítorí pé bí a bá fi í sílẹ̀ fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀, á tún yún. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanra lójú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ó yí ródó. Àwọn èèyàn ní, "Ẹ kú oríire o, ó ti ń jẹun." Mo ń dáhùn, "Ṣé ilé mi la ti ń jẹ gbèsè ni?" Ṣùgbọ́n mo ń wò ó. Ojú ń sanra, apá kò sanra. Ó ń rẹ̀ ẹ́. Ó ń bọ̀ láti ilé-ìwé, á dùbúlẹ̀ tìwétìwé.

Lọ́jọ́ kan, ó ń ka iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù fún mi lójú oòrùn, mo sì rí inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Dúdú ibẹ̀ ti ń ṣí. Kò dọ́gba, ó pọ́n, ó tún funfun díẹ̀, bí ibi tí òjò ti ń wọ ara ògiri. Mo ní kó máa kà á lọ. Ohun tó ń kà, n kò gbọ́. N kò sọ fún ìyàwó mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé òun náà ti rí i tipẹ́, kò sọ fún mi. À ń wọ aṣọ alápá gígùn fún ọmọ náà nínú ooru, olúkúlùkù ń ṣe bí ẹni pé kò mọ ìdí.

Lẹ́yìn náà ni ilà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lítan rẹ̀, bí aṣọ tí ọ̀nà rẹ̀ fẹ́ já. Lẹ́yìn ìyẹn, mo dì í lọ́wọ́ mú kí a sọdá títì. Ọwọ́ lásán ni mo fi dì í mú, kì í ṣe ìjà. Nígbà tí a délé, àpá ìka mi wà lára ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti kú sí i, dúdú tó ní búlúù nínú. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, kò lọ. Ọmọ náà ní, "Bàámi, kò dùn mí." Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Mo lọ bá obìnrin náà ní Ọ̀dẹ́dá. Mo ṣàlàyé. Kò tilẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí odó.

"Ìdọ̀tí ara ló ń jáde. Ẹ máa pa á sí i."

"Ìyá, dúdú ọmọ náà ń ṣí o."

"Bàbá oníkàǹga, ṣé ewé kọ́ ni? Ṣé kì í ṣe ojú yín ni mo ṣe gún un?"

Ojú mi ni. Mo tún ra ike kan. Ìyẹn ló kẹ́yìn, nítorí nígbà tí mo padà lọ, àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ bímọ, ó ti lọ bá a tọ́jú rẹ̀, wọn kò mọ ìgbà tó máa dé. A fi ìka ha ìsàlẹ̀ ike títí ó fi mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ rí ẹyin iná lábẹ́ eérú rí, ẹ ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìpara tán, kí ẹ sì tó ka ọjọ́ díẹ̀, pupa ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ dúdú ọmọ mi. Ibi tí ẹ́kísímà kò dé rí, ó dé ibẹ̀: ikùn, iwájú orí, ìpéǹpéjú. Ara rẹ̀ ń sọmi, aṣọ ń lẹ̀ mọ́ ọn, bí a bá ṣí aṣọ, awọ ń bá a lọ. Ooru mú, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òjò pa. Ó bì. Ó ní kí n gbé orí òun sókè fún òun. Ọmọ tó ń sáré, tó ní kí n bá òun gbé orí òun.

Ọ̀kadà ló gbé wa. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, mo fi ọmọ sáàárín, a fi aṣọ ìbora wé e. Gbogbo ọ̀nà yẹn, mò ń bi í pé, "Ìyá mi, ṣé o ń gbọ́ mi?" Bí kò bá tètè dáhùn, mo máa ń ní kí ọlọ́kadà dúró.

Dókítà yẹn náà ni. Ó kọ́kọ́ sáré sí ọmọ, wọ́n fi omi sí i lápá, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Ìgbà tí ọmọ náà ti ń mí dáadáa ló tó kọjú sí wa.

"Túùbù tí mo fún yín dà?"

Ìyàwó mi wo ilẹ̀.

"Mo jù ú nù," mo ní. "Ọmọ mi kò ní bó."

Kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ó ní kí n gbé ohun tí a fi ń pa á wá. Mo gbé ike òfìfo náà fún un. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún bi wá pé báwo ló ṣe tètè sàn, ìgbà wo lojú ọmọ ti kún, ìgbà wo ni ilà ti yọ. Mo ń dáhùn, ó ń mi orí.

"Bàbá, túùbù wà nínú èyí. Ó sì le ju tèmi lọ lọ́nà púpọ̀. Irú èyí gan-an làwọn tó ń bóra ń lò."

"Irọ́ ni! Ojú mi báyìí! Asúnwọ̀n, dóńgóyárò, òrí..."

"Ṣé ẹ dúró tì í títí ó fi bù ú sínú ike?"

Omi ti ń yọ nígbà náà, àwọn èèyàn mi ké sí mi. Mo sọ̀ sínú kàǹga.

"Mo dúró tì í," mo ní, "àfi ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀."

Kò fi ìyẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Ó fa àga mọ́ mi. Ó ní ìdílé kan náà ni àwọn túùbù wọ̀nyí, sitẹ́rọ́ìdì ni wọ́n ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ ológbò àti ẹkùn náà, ìdílé kan náà ni wọ́n. Èyí tí òun fún mi, ológbò ni, fún ìwọ̀nba ọjọ́, lójú ibi tó ń yún. Èyí tí mo lọ rà, ẹkùn ni, a sì ń fi pa ọmọ kékeré láti ọrùn dé ẹsẹ̀ fún oṣù gbọọrọ. Ó ní ara ènìyàn ní èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń pèsè, òun ló ń jẹ́ kéèyàn lè dìde dúró nígbà àìsàn.

"Bí ẹni tí wọ́n ń pọn omi wá bá nílé lójoojúmọ́," ó ní. "Kàǹga tirẹ̀ á dí. Lọ́jọ́ tí alápọnmi kò bá wá, òùngbẹ á pa á."

"Ṣé ó máa kú ni?"

Mo bi í bẹ́ẹ̀ níwájú ìyàwó mi. Kò sí ohun tí mo tíì sọ láyé mi tó wúwo tó o.

"Ó dára pé ẹ tètè gbé e wá," ó ní. "A máa fún un ní èyí tí ara rẹ̀ kò pèsè, a ó sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí tirẹ̀ yóò fi padà. Ẹ má dá ohunkóhun dúró lójijì mọ́. Kò ní yá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín."

Kò yá. Wọ́n ń fi aṣọ tútù bò ó lára, wọ́n ń pa ìpara ọlọ́ràá, irú ti inú ike tí ìyàwó mi fi pa gìgísẹ̀ yẹn. Mo ní kí wọ́n fún èmi náà ṣe. Bí mo ti fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, ó kígbe.

"Bàámi, ọwọ́ yín ń gé mi!"

Mo yí ọwọ́ mi wò. Okùn àti òkúta ti sọ ọ́ di èèpo igi. Ọwọ́ tí mo fi ń yangàn láti ọjọ́ yìí wá. Mo gbìyànjú ẹ̀yìn ọwọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pa á, mo ń bu ìpara sí ẹ̀yìn ọwọ́, mo ń fà á sísàlẹ̀ bí ẹni ń rẹ́ ògiri, n kò fi í ra. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàámi, ẹ ti fẹ́ gbẹ́ mi dé omi." Mo jáde lọ dúró ní kọ́rídọ̀, mo fi ara ti ògiri.

Àna mi dé láti Wásinmi. Ó rí ọmọ, ó ké, ó sì kọjú sí mi.

"Ẹ̀yin lẹ gbé e wá láti Ọ̀dẹ́dá!"

"Ẹ̀yin lẹ ní túùbù dókítà ń bóni!"

"Mo ní ó ń bóni! Ṣé mo ní kí ẹ lọ ra èyí tó ń pani?"

"Àwọn ọmọ ọmọ yín ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ń pa á fún wọn?"

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Mo ní, "Ẹ má dá a dúró lẹ́ẹ̀kan o. Ẹ kó wọn wá síbí." Ó ti gbé gèlè kí n tó sọ ọ́ tán. Èmi náà gbéra. Gbogbo ilé tí mo ti yangàn, mo padà sí i, ní Kẹ́mta, ní Ọ̀dẹ́dá, mo ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn kan gbọ́. Àwọn kan ní owú ló ń jẹ mí. Ọkùnrin kan ní, "Ṣé ìwọ kọ́ lo ní ojú ẹ ló rí i?" N kò bá a jà. Mo ní kó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́sibítù, kó tó bú mi. Ó bú mi kó tó gbé e lọ, ṣùgbọ́n ó gbé e lọ.

Ní báyìí, ọmọ náà wà nílé. Omi wọ́ọ́rọ́, ọwọ́ ìyá rẹ̀, ìpara kí omi tó gbẹ. Ẹ́kísímà kò lọ pátápátá, dókítà ní ó máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Bí ibì kan bá gbiná, túùbù kékeré náà la fi ń pa á, èmi fúnra mi ni mò ń fún un. Dókítà ní èyí tó bá gùn tó oríkèé òkè ìka kan, ó tó fún ibi tí àtẹ́lẹwọ́ méjì bò. Mo na ìka tèmi, ó ní, "Ìka ìyàwó yín ni mo sọ, bàbá, kì í ṣe òpó." Mo ń fún un, àyà mi ń já. Àárọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wo ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, kí n tó bọ́ ojú. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, n kì í lè lọ síṣẹ́ tó jìn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó lọ, àti ohun tó fi sílẹ̀. Ọdún ìwé kan: àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bọ́ sí ìwé kẹta, òun tún ìwé kejì kà. Irun ojú rẹ̀ méjèèjì láti àárín dé etí. Dúdú inú ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì àti ẹ̀yìn orúnkún kan. Ilà mẹ́rin ní itan ọ̀tún, mẹ́ta ní òsì, dókítà ní wọn kò ní lọ. Èékánná àtàǹpàkò kan. Kàǹga méjì tí mo bẹ̀rẹ̀ tí ẹlòmíràn parí.